Bẹ́ ẹ ṣe máa bá àwọn corps tẹ́ ẹ jọ ń díje ṣọ̀rẹ́ lórí tour, tẹ́ ẹ sì máa wo eré wọn bó ṣe yẹ

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ̀ ń lùlù tàbí tẹ́ ẹ̀ ń fọn fèrè nínú band ilé ìwé yín ní Houston, ní Atlanta, ní Maryland, tẹ́ ẹ lọ ṣe audition tí corps kan, ìyẹn ẹgbẹ́ onílù àti onífèrè tó ń díje káàkiri, sì ti fún yín ní contract, ẹ kú oríire o. Ẹ̀yin òbí wọn náà, ẹ kú ìnáwó, torí owó kékeré kọ́ ni wọ́n ń gbà. Gbogbo èèyàn ló máa sọ fún yín nípa bàtà tẹ́ ẹ máa rà, nípa bẹ́ẹ̀dì afẹ́fẹ́ tẹ́ ẹ máa tẹ́ sórí ilẹ̀ jíìmù, nípa jọ́ọ̀gì omi gálọ́ọ̀nù kan tí kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín. Ohun tí wọn kì í sábà ṣàlàyé ni bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe sí àwọn corps yòókù tẹ́ ẹ jọ wà lójú ọ̀nà lórí tour, ìyẹn ìrìn àjò ìdíje náà, bẹ́ẹ̀ lójú tèmi o, ìyẹn ló máa ń pinnu bóyá ẹ máa gbádùn summer yẹn tàbí ẹ kàn máa fara dà á.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí: Drum Corps International, DCI, tí ọ́fíìsì wọn wà ní Indianapolis, ló ń ṣètò ìdíje yìí káàkiri Amẹ́ríkà. Corps ńlá kan lè ní èèyàn tó lé ní 150, àwọn onílù, àwọn tó ń fọn fèrè idẹ, àti color guard tó ń ju àsíá, ìbọn onígi àti idà sókè, àgbà inú wọn ò sì ju ọmọ ọdún 22 lọ ní World Class, ìpele tó ga jù. Eré wọn kì í ju bí ìṣẹ́jú 12 lọ. Torí ìṣẹ́jú 12 yìí ni wọ́n ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì lóru, tí wọ́n ń sùn sílé ìwé onílé, tí wọ́n ń fi gbogbo ọ̀sán ṣe rehearsal nínú oòrùn láti ìparí oṣù kẹfà títí di oṣù kẹjọ. Ẹ wá wò ó, ta ló lè mọ bí ìyẹn ṣe rí lára? Ọ̀rẹ́ yín tó wà nílé ò lè mọ̀ ọ́n, mọ́mì yín tó ń pè lórí fóònù ò lè mọ̀ ọ́n tán. Ọmọ corps kejì tẹ́ ẹ fẹ́ gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Torí náà ẹ má bá a ṣọ̀tá.

Ẹ bi àwọn àgbà inú corps yín kẹ́ ẹ tó gbéra

Òfin corps kan ò jọ ti èkejì. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ wọ tíṣáàtì corps kan náà, kí gbogbo yín jókòó sójú kan, àwọn míì á ní kálukú lè lọ síbi tó bá wù ú tó bá ti mú ẹnì kan dání, àwọn kan ò sì fẹ́ rí yín ní ìjókòó rárá bí ọ̀la bá le. Ti yúnífọ́ọ̀mù ló wọ́pọ̀ jù: bó bá wà lọ́rùn yín kó wà lọ́rùn yín dáadáa, bẹ́ ẹ bá fẹ́ bọ́ ọ kẹ́ ẹ bọ́ ọ tán, kò sí ká ṣí bọ́tìnnì sílẹ̀ ká máa jẹ hot dog káàkiri. Nígbà spring training, ìyẹn ìdánrawò kí tour tó bẹ̀rẹ̀, ni kẹ́ ẹ ti bi section leader yín, olórí àwọn tẹ́ ẹ jọ ń lo irú ohun èlò kan náà, pé ṣé wọ́n máa ń fún wa láyè wo àwọn corps míì, ṣé a lè lọ sí lot wọn (ibi tí wọ́n ti ń warm up), ṣé a lè ya fótò pẹ̀lú wọn, aago mélòó ni bọ́ọ̀sì máa ń gbéra, ta la gbọ́dọ̀ sọ fún ká tó kúrò. Ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá dé pápá tí ara ti ń kan gbogbo èèyàn, ìdáhùn tẹ́ ẹ máa gbà nígbà yẹn ò ní dùn.

Ẹ tún wádìí ẹni tó ti wà nínú corps míì rí nínú yín. Wọ́n pọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Nígbà tí corps Santa Clara Vanguard ò jáde lọ́dún 2023, àwọn ọmọ wọn fọ́n ká sínú àwọn corps yòókù, nígbà tí corps The Cadets sì ti ilẹ̀kùn wọn ní 2024, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ẹni tẹ́ ẹ̀ ń bá díje lónìí lè jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ jọ máa wà nínú corps kan náà lọ́dún tó ń bọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ bá lọ kí àwọn corps kejì nígbà àkọ́kọ́, torí á mọ orúkọ, á mọ ẹni tó lójú àánú àti ẹni tí wọn kì í bá sọ̀rọ̀ kó tó ṣeré.

Ẹ ṣírò àsìkò yín dáadáa

Níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù rèé. Ní ọ̀pọ̀ ìdíje, àwọn tí máàkì wọn kéré ló máa ń kọ́kọ́ jáde, àwọn tó wà lókè á wá kẹ́yìn. Tó bá jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ ni tiyín, inú yín kó dùn, torí lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ṣe tán ẹ ṣì máa rí àwọn corps ńlá bíi Blue Devils, Bluecoats, Carolina Crown wò lójúkoojú, ní alẹ́ kan náà, lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó wà lókè ọ̀hún ni kì í rí nǹkan kan wò, ìgbà tí àwọn yòókù bá wà lórí pápá làwọn náà wà nídìí warm-up, ariwo àwọn èrò nìkan ni wọ́n ń gbọ́ látòókèèrè.

Corps kan sí ìkejì kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 20 lọ. Bẹ́ ẹ bá fi ìṣẹ́jú 45 palẹ̀ mọ́, ó kéré tán corps méjì ti lọ, bóyá mẹ́ta. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó lọ warm up, ẹ ti gbé tíṣáàtì àti ṣòkòtò tẹ́ ẹ máa wọ̀ sókè báàgì, kì í ṣe ìsàlẹ̀ pátápátá lábẹ́ ìbọ̀sẹ̀ tó ti rùn. Bẹ́ ẹ bá jáde lórí pápá, ẹ kọ́kọ́ bá àwọn front ensemble (àwọn tó ń lùlù lójú kan níwájú pápá) gbé marimba àti àwọn ẹrù wọn wọ ọkọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sá fún iṣẹ́ yẹn, nítorí bẹ́ ẹ bá jọ ṣe é ó máa tètè parí, gbogbo yín á sì jọ rí eré wò. Ẹ mu omi, ẹ gba oúnjẹ yín, ẹ sọ fún ẹni tó yẹ, kẹ́ ẹ wá lọ. Ẹ bi sítáfù yín ẹnu ọ̀nà tẹ́ ẹ lè gbà wọlé àti ibi tí wọ́n ní káwọn ọmọ corps jókòó sí. Ìjókòó tí èèyàn fowó ra, ẹ fi sílẹ̀ fún un, kódà bó bá ṣófo fún wákàtí kan.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní corps tó ń kẹ́yìn, ẹ máa ṣọ́ àwọn ìdíje tó ju alẹ́ kan lọ. Èyí tí wọ́n ń ṣe ní Allentown, ní Pennsylvania, ní J. Birney Crum Stadium, alẹ́ méjì ni, wọ́n sì máa ń pín àwọn corps sí alẹ́ méjèèjì. Bẹ́ ẹ bá ti ṣe tiyín lálẹ́ àkọ́kọ́, tí dírẹ́kítọ̀ sì gbà, ẹ lè wá jókòó lálẹ́ kejì bí ọmọ èèyàn.

Ní lot

Ibí yìí ni mo nífẹ̀ẹ́ jù, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Lot ni páàkì ọkọ̀ tàbí ilẹ̀ koríko tí àwọn corps ti ń warm up kí wọ́n tó wọlé. Bẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀ ní bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ máa rí bọ́ọ̀sì àti tírélà tó tò lọ rẹrẹẹrẹ, ooru ṣì ń jáde látinú ọ̀dà, metronome, ẹ̀rọ tó ń ka ìlù, tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń dún ká-ká-ká. Snare line, ìyẹn ìlà àwọn tó ń lu ìlù snare, á tò sójú kan, ẹsẹ̀ wọn á máa lọ sókè sódò láìsí pé ẹnikẹ́ni wo ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni, igi ọwọ́ wọn á ga bákan náà, ẹ máa wò ó títí ẹ ò ní rí èyí tó fi ìka kan ga ju èkejì lọ. Bass drum márùn-ún á máa pín ohùn kan láàárín ara wọn, onílù kọ̀ọ̀kan ò lù ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì kó tó bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kejì, síbẹ̀ etí yín á gbọ́ ọ bí ẹni pé ènìyàn kan ṣoṣo ló lu gbogbo rẹ̀. Ẹni tó wà láàárín snare line ló ń darí wọn, bí ìyáàlù ṣe ń darí àwọn omele nínú dùndún, bó bá ti gbé igi ẹ̀, gbogbo wọn ti mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Àwọn bàbá tó lùlù nínú corps láyé àtijọ́ á dúró yí wọn ká, àwọn ọmọ kéékèèké tó gbé practice pad, pádì tí wọ́n fi ń dánra wò, wá á ti jókòó sílẹ̀ níwájú.

Báwo lẹ ṣe máa ṣe níbẹ̀? Ẹ dúró sẹ́yìn àwọn èrò, ẹ̀yin kì í ṣe àlejò tó sanwó, ẹ jẹ́ káwọn ọmọdé ríran. Ẹ fàyè gba ọ̀nà tí wọ́n máa gbà jáde, torí nígbà tí wọ́n bá ní ó yá, wọn ò ní dúró de yín. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni tó wà nínú line sọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ jọ jẹun lánàá, ẹ má juwọ́ sí i, ẹ má pe orúkọ ẹ̀, ó ti wọnú ibi tó ń lọ, tó bá rí yín á rẹ́rìn-ín nígbà tó bá ṣe tán. Ẹ má fọwọ́ kan ìlù, fèrè tàbí àsíá tí wọ́n gbé sílẹ̀, kódà bí atẹ́gùn bá fẹ́ gbé àsíá náà lọ, ẹ pe ẹnì kan nínú wọn. Ẹ má sì gbé igi yín jáde kẹ́ ẹ máa lu ohun tí wọ́n ń lù sórí itan yín níwájú wọn. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún yín, ẹ ní sùúrù, ẹ padà síbi bọ́ọ̀sì yín kẹ́ ẹ lù ú títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Àwọn onífèrè máa ń wà lọ́tọ̀, wọ́n á tò ní ọ̀bìrìkìtì ààbọ̀. Ẹ lọ tẹ́tí sí wọn nígbà tí wọ́n bá ń mí, kó tó di pé ohùn jáde. Corps tó mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ máa gbọ́ tí gbogbo wọn fa afẹ́fẹ́ sínú lẹ́ẹ̀kan náà. Color guard náà wà níbì kan, ṣùgbọ́n wọ́n nílò àyè púpọ̀, ẹ jìnnà sí wọn dáadáa, ìbọn onígi tó bá já bọ́ lé orí èèyàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ti fídíò: ẹ bi wọ́n léèrè kẹ́ ẹ tó gbé fóònù sókè. Nínú pápá, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ẹ ká odindi eré, nítorí ẹ̀tọ́ orin tí wọ́n sanwó lé lórí. Níbi rehearsal corps míì, ẹ má ká nǹkan kan rárá. Wọ́n lè máa gbìyànjú ìparí tuntun tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí, bó bá bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọwọ́ yín, orúkọ corps yín lẹ bà jẹ́ pẹ̀lú.

Nígbà tẹ́ ẹ bá jókòó

Bí ọmọdé ò bá dé oko bàbá ẹlòmíì rí, á ní kò sí oko tó tóbi tó ti bàbá òun. Ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ wa nìyẹn lẹ́yìn oṣù kan nínú rehearsal, a ti gbọ́ orin tiwa débi pé a rò pé òun nìkan ló wà láyé. Ẹ jókòó kẹ́ ẹ wo iṣẹ́ ẹlòmíì.

Ẹ yan ohun kan tẹ́ ẹ máa wò, ẹ má gbìyànjú láti rí gbogbo ẹ̀ tán. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ trumpet, ẹ wo àwọn trumpet wọn nígbà tí wọn ò fọn nǹkan kan, báwo ni wọ́n ṣe ń rìn, ibo lojú wọn wà. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ guard, ẹ wo ohun tí ẹni tí ìbọn já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju ti ẹni tó mú un lọ. Bẹ́ ẹ bá lè gun òkè, ẹ gùn ún, torí àwọn àwòrán tí wọ́n ń fi ara tò lórí koríko ò hàn nísàlẹ̀, tó bá sì ṣe pé ìsàlẹ̀ lẹ wà, ẹ máa wo ojú wọn. Wo eré kan náà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ máa rí i pé wọ́n ti yí ibì kan padà, wọ́n ti fi nǹkan kún un, ìyẹn á jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìdí tí sítáfù yín fi ń yí tiyín náà padà lójoojúmọ́ dípò kẹ́ ẹ máa ráhùn.

Ẹ pàtẹ́wọ́. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún gbogbo corps, fún èyí tó kéré jù pàápàá, ẹ dìde tó bá tọ́ sí wọn. Corps kékeré tó mú èèyàn 60 wá láti ọ̀nà jíjìn, oorun bọ́ọ̀sì kan náà ni wọ́n sùn. Ẹ má dìde máa rìn kiri nígbà tí wọ́n ń ṣeré, ẹ dúró dìgbà tí wọ́n bá parí. Ẹ rántí pé aṣọ corps yín wà lọ́rùn yín, òbí wọn lè wà lẹ́yìn yín gan-an.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìdíje ò gba ọ̀rẹ́. Ọdún 1971 tí wọ́n dá DCI sílẹ̀, Blue Stars, Cavaliers, Madison Scouts, Santa Clara Vanguard àti Troopers ti para pọ̀ ṣe ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Combine kó tó di pé ó dúró, nítorí pé wọn ò fara mọ́ bí ẹgbẹ́ àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ṣe ń ṣàkóso ìdíje wọn. Àwọn corps tó ń lé ara wọn kiri lórí pápá ló jọ jókòó ṣe é. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1972, wọ́n ṣe ìdíje àṣekágbá àkọ́kọ́ ní Whitewater, Wisconsin.

Ọ̀rọ̀ ẹnu

Kí wọ́n tó ṣeré, “have a good show” ti tó, ẹ máa lọ. Lẹ́yìn eré, ẹ mẹ́nu ba ohun kan pàtó tẹ́ ẹ rí. Bẹ́ ẹ bá sọ fún ọmọ tó ń lu tenor pé ẹ rí ibi tó ń sáré sẹ́yìn tó sì ń lùlù lẹ́ẹ̀kan náà, inú rẹ̀ á dùn fún ọ̀sẹ̀ kan, torí ó mọ̀ pé ẹ wò ó lóòótọ́. “Ẹ dára gan-an” lásán, gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́.

Ẹ má bá wọn sọ̀rọ̀ máàkì àyàfi táwọn bá dá a sílẹ̀. Nínú 100 tí adájọ́ ń fúnni, 40 jẹ́ ti general effect (bí eré náà lódindi ṣe wọni lọ́kàn), 30 ti visual (ohun tójú rí), 30 ti music, ìyàtọ̀ corps méjì sì lè má tó ìdá mẹ́wàá máàkì kan. Bẹ́ ẹ bá borí lálẹ́ yẹn, ẹ má mẹ́nu bà á. Bí wọ́n bá borí yín, ẹ kí wọn, kó dénú yín. Lọ́dún 2025 tí Boston Crusaders gba ipò kìíní DCI fún ìgbà àkọ́kọ́, corps tó ti wà láti 1940, irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ìkíni wọ́n ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹ má bá wọn sọ̀rọ̀ sítáfù yín tẹ́ ẹ̀ ń bínú sí, ẹ má sì béèrè tiwọn, ọ̀rọ̀ yẹn máa ń débi tí ẹ ò rán an.

Ẹ lè pàdé wọn ní ilé epo lóru, bọ́ọ̀sì wọn àti tiyín á jọ yà síbẹ̀, gbogbo èèyàn á jáde tòun ti ìrọ̀rí lọ́rùn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó dùn jù nìyẹn. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ń lọ, ohun tí wọ́n jẹ lálẹ́, ilé ìwé tí wọ́n sùn lánàá bóyá ó ní omi gbígbóná. Lára irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ dúró

Ẹ má wọ bọ́ọ̀sì corps míì, ẹ má wọ jíìmù tí wọ́n ń sùn, ì báà jẹ́ ọ̀rẹ́ yín tímọ́tímọ́ ló pè yín. Àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 18 wà níbẹ̀, àwọn tó ti lé ní 20 náà wà níbẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà kẹ́ ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀, ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti máa pàdé, kẹ́ ẹ sì mú ẹnì kan dání. Bí ẹnikẹ́ni, ọmọ corps tàbí sítáfù, bá ṣe ohun tí ara yín ò gbà, ẹ lọ sọ fún dírẹ́kítọ̀ yín lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ pe òbí yín pẹ̀lú. Ẹ má bo ẹnikẹ́ni láṣìírí torí tour.

Ẹ má jọ mu omi nínú jọ́ọ̀gì kan, ẹ má yá ara yín ní mouthpiece, ẹnu fèrè. Bí ikọ́ bá wọ inú corps kan, ó máa ń gba gbogbo bọ́ọ̀sì náà kọjá, bẹ́ ẹ bá sì gbé e wálé, àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ò ní gbàgbé.

Indianapolis

Ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn, ní oṣù kẹjọ, Lucas Oil Stadium ni gbogbo ẹ̀ ń parí sí. Ọjọ́bọ̀ ni prelims, Friday ni semifinals fún corps 25, Sátidé ni finals fún 12. Corps tí tiwọn bá ti parí ní Ọjọ́bọ̀ tàbí Friday di òǹwòran, torí náà alẹ́ Sátidé, ìjókòó máa ń kún fún àwọn ọmọ corps. Bẹ́ ẹ bá wà lára wọn, ẹ má sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì torí inú ń bí yín pé ẹ ò wọ 12. Ẹ lọ jókòó, torí irú ariwo tó ń jáde nínú ilé olórùlé yẹn, fídíò ò lè gbé e.

Ọ̀sẹ̀ yìí náà ni pàṣípààrọ̀ tíṣáàtì máa ń gbóná. Ẹ ra tíṣáàtì corps yín méjì tàbí mẹ́ta síi ní kùtùkùtù tour, ẹ fọ̀ wọ́n, ẹ tọ́jú wọn sínú ọ̀rá títí di ìgbà náà. Tíṣáàtì sí tíṣáàtì ni, ẹ wo nọ́ńbà ìwọ̀n kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ má díye lé e. Jákẹ́ẹ̀tì corps, mẹ́dàlì àti ohunkóhun tó jẹ́ yúnífọ́ọ̀mù, ìyẹn ò sí lára ohun tẹ́ ẹ máa pààrọ̀, tiyín kọ́ ni ẹlòmíì nínú ẹ̀, corps ló ni ín.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ka máàkì Sátidé tán, gbogbo corps 12 á wà lórí koríko, ẹ máa rí àwọn tó ń sunkún tí wọ́n sì ń dì mọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ borí wọn. Ẹ wá àwọn ọ̀rẹ́ yín níbẹ̀ kó tó pẹ́ jù. Bẹ́ ẹ bá ní ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ ò ní jẹ́ kó lè padà wá lọ́dún tó ń bọ̀ nínú corps míì, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ gba nọ́ńbà ara yín kí bọ́ọ̀sì tó gbéra lóru, ẹ béèrè bóyá ó máa wà nínú ẹgbẹ́ indoor ìgbà òtútù, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ corps ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló tún máa ń wà nínú line kan náà fún WGI, ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣeré nínú ilé, ní Dayton, Ohio, ní oṣù kẹrin, audition rẹ̀ sì máa ń tètè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí tour bá ti parí, kẹ́ ẹ tètè mọ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń lọ.